Mílíọ̀nù kan dọ́là kéèyàn tó tajà ní Gánà: kí ni òfin yẹn sọ gan-an?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti rú díẹ̀ ní Accra tàbí Kumasi, ìròyìn kan náà ló máa ń gba orí WhatsApp, pé Gánà ti ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ń tajà lọ́dọ̀ wọn mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá àbí kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó lọ bẹ́ẹ̀ ní 2018, ó lọ bẹ́ẹ̀ ní 2019, ní 2020 ó di ohun tí ìjọba méjèèjì ń kọ̀wé síra wọn lé lórí, nígbà tó wá di ìparí oṣù keje 2025 àwọn kan gbé páálí jáde sí ìgboro ní Gánà pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ọdún 2025 yẹn náà ni ìjọba Ààrẹ John Mahama bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn fẹ́ yọ owó ńlá tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àjèjì kúrò nínú òfin, bí àwọn èèyàn wa ṣe gbọ́ ìyẹn báyìí, àwọn kan ti ń wí pé ọ̀nà ti là, kí oníkálukú máa dirù.

Òótọ́ wà nínú ìròyìn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti lù ú pọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú òfin yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti owó àti ti ẹni tó ni kọ́ńpìnì, èkejì jẹ́ ti irú òwò tí àjèjì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá, yálà ó lówó ni o, yálà kò lówó ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, gbogbo àríyànjiyàn yìí á kàn máa pò ó lórí ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ariwo fi ń sọ léraléra?

Ti 2025 nìyí ní ṣókí. Fídíò àtijọ́ kan ló tún jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí olórí àwọn Igbo kan ní Gánà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ìlú fún àwọn èèyàn wọn, inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà, wọ́n wá kó ẹ̀sùn míì mọ́ ọn, jìbìtì, olè, aṣẹ́wó, títí tó fi di ìwọ́de. Nàìjíríà rán Bianca Odumegwu-Ojukwu, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lọ bá Mahama, Mahama sì fi dá a lójú pé kò séwu fún ọmọ Nàìjíríà. Ìwọ́de yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe tìtorí òfin kọ́ńpìnì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi wọnú ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni èyí tó ti ń dun àwọn èèyàn ṣáájú.

Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn ló lágbára jù. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa, ní Suame Magazine ní Kumasi níbi tí wọ́n ti ń ta sípéà páàtì, ní Abossey Okai ní Accra, ní Circle níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Nígbà míì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa ń wá, nígbà míì ẹgbẹ́ ọlọ́jà Gánà tí wọ́n ń pè ní GUTA ló máa ń kó ara wọn jọ tí wọ́n á lọ fi ṣẹ́ẹ̀nì àti kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹjọ 2020, Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà yẹn ka ẹ̀sùn Nàìjíríà sílẹ̀: ó ní ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 300 ni wọ́n tì pa fún oṣù mẹ́rin ní Kumasi ní 2018, ó ní ó lé ní 600 ní 2019, ó sì ní àwọn tó ṣì wà ní títì lásìkò tóun ń sọ̀rọ̀ lé ní 250. Kojo Oppong Nkrumah tó jẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gánà fún un lésì, ó ní àwọn ò dojú kọ ọmọ Nàìjíríà nìkan, gbogbo àjèjì tó rú òfin ni, àti pé wọ́n ti fún wọn láyè tó pọ̀ tó kí wọ́n tún pépà wọn ṣe. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin kékeré wa, fúnra rẹ̀ lọ sí Accra lọ bẹ̀bẹ̀.

Kí ni òfin náà sọ gan-an?

Orúkọ rẹ̀ ni GIPC Act, nọ́ńbà rẹ̀ ni Act 865, ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. GIPC ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Gánà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí, ìjọba Mahama náà ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n ṣe òfin yìí, ìyẹn nígbà tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ, kí Akufo-Addo tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Abala 28 ló sọ̀rọ̀ owó. Tí àjèjì bá fẹ́ dá kọ́ńpìnì sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Gánà, owó tàbí ẹ̀rọ tí àjèjì yẹn máa kó wá ò gbọ́dọ̀ dín ní $200,000, ọmọ Gánà tí wọ́n jọ ń ṣe é sì gbọ́dọ̀ ní ìpín tí ò dín ní 10%. Tó bá jẹ́ àjèjì nìkan ló fẹ́ dá a ni láìsí ọmọ ilẹ̀ kankan níbẹ̀, $500,000. Tó bá wá jẹ́ òwò, ìyẹn kéèyàn máa ra ọjà tí wọ́n kó wọ̀lú wá kó sì máa tà á, $1,000,000 ni, yálà lówó tàbí lọ́jà, kọ́ńpìnì yẹn sì gbọ́dọ̀ gba ọmọ Gánà tó mọ iṣẹ́, tí wọn ò dín ní 20, síṣẹ́. Ibí ni mílíọ̀nù kan yẹn ti wá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n so owó yẹn mọ́.

Kódà àwọn kan wà tí òfin ò béèrè iye kankan lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde sílẹ̀, tàbí tó fẹ́ máa kó ọjà Gánà lọ tà sílẹ̀ òkèèrè, òfin yọ ọ́ kúrò nínú owó tó kéré jù yẹn, kó ṣáà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Èyí túmọ̀ sí pé tí ọmọ Ìbàdàn kan bá fẹ́ lọ máa ṣe ọṣẹ ní Kumasi, òfin ò bi í léèrè $1,000,000, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọṣẹ tí wọ́n ti ṣe parí níbòmíì ló fẹ́ kó lọ máa tà níbẹ̀, orí mílíọ̀nù kan yẹn ló bọ́ sí. Ohun tí ìjọba Gánà ń fẹ́ hàn kedere níbẹ̀ sha.

Wọ́n tún ṣe ojú àánú fún ẹni tó fẹ́ ọmọ Gánà: tí ìgbéyàwó yẹn bá ti pé ọdún márùn-ún láìdáwọ́ dúró, tàbí tó bá ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́, tó sì jẹ́ pé Gánà ló ń gbé, wọ́n lè fojú fo owó yẹn fún un.

Abala 27 wá ni orí kejì, òun ni mo sì rò pé àwọn èèyàn ò kà dáadáa. Abala yìí ò sọ̀rọ̀ owó rárá. Ó to àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ ó ní ọmọ Gánà nìkan ló ni ín: títa nǹkan nínú ọjà, òwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, kíkiri, títa nǹkan nínú ìsọ̀ níbikíbi tí ìsọ̀ yẹn ì báà wà, iṣẹ́ táásì tí ọkọ̀ ò bá tó 25, ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ti onígbàjámọ̀, títẹ káàdì rìchájì, ṣíṣe ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ nǹkan, títa oògùn ní rítéèlì, píọ̀ wọ́tà láti orí ṣíṣe dé orí títà, àti tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì yàtọ̀ sí pọ́ọ̀lù bọ́ọ̀lù. Òfin ní àjèjì ò gbọ́dọ̀ ṣe é, kò sì gbọ́dọ̀ nípìn-ín nínú ẹ̀, kọ́ńpìnì tí kì í ṣe ọmọ Gánà nìkan ló ni ín náà ò gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Kò sọ pé kí o mú páátínà wá. Kò sọ pé kí o mú dọ́là wá. Ẹni tó ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ́wọ́, tó bá jókòó sínú ìsọ̀ nínú ọjà Makola máa ta ọjà, ó ti rú abala 27.

Ṣé dandan ni kéèyàn ní ọmọ Gánà nínú kọ́ńpìnì?

Rárá, òfin tó kan gbogbogbò ò fi dandan lé e. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kó rọrùn fún ẹni tó bá ní: $200,000 dípò $500,000, nítorí 10% péré tó wà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, bíi ti epo rọ̀bì àti ti ìwakùsà, ìyẹn le ju báyìí lọ. Ní 2025 náà ni Gánà dá àjọ tuntun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GoldBod, wọ́n sì ní kí gbogbo àjèjì jáde kúrò nínú ọjà ràgóòlù-tàgóòlù abẹ́lé títí di 30 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ìyẹn ò ní í ṣe pẹ̀lú Act 865, àmọ́ orí WhatsApp gbogbo ẹ̀ ti di òfin kan ṣoṣo.

Àwọn báńkì wa tí ẹ ń rí káàkiri Accra, GTBank, UBA, Zenith, Access, àti Dangote pẹ̀lú sìmẹ́ńtì rẹ̀, abala 27 ò kàn wọ́n, owó tí abala 28 ń béèrè náà ò sì le fún wọn. Ẹni tó wà láàárín ni wàhálà wà fún, ẹni tó kó bọ́ọ̀sì kan ẹrù láti Ladipo tàbí Alaba lọ, tó ti háyà ṣọ́ọ̀bù, tó ti gba ọmọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta. Owó ẹ̀ ò tó ti kọ́ńpìnì ńlá, òwò ẹ̀ sì bọ́ sínú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ ìlú.

Mo ti ní sátífíkéètì rẹ́jísítà, ṣé wọ́n ṣì lè tì mí pa?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló sì ti kọ́ ọgbọ́n lórí ìyẹn. Ọ́fíìsì tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ yàtọ̀ sí GIPC, GIPC yàtọ̀ sí Immigration tó ń fúnni níwèé ìgbélùú, gbogbo wọn sì yàtọ̀ sí GRA tó ń gba owó orí. Èèyàn lè ti forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, kó máa san owó orí lóṣooṣù, kí ìgbìmọ̀ ìjọba dé kí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìwé GIPC, kó má ní in. Ìwé GIPC yẹn fúnra rẹ̀, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ àjèjì ṣì wà níbẹ̀, ní 2020 ó jẹ́ $120 nígbà àkọ́kọ́, $60 lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń tún un ṣe, Nàìjíríà sì ka owó yẹn mọ́ ẹ̀sùn tó fi kan Gánà lọ́dún yẹn.

Ohun tó wá ń bí àwọn ọlọ́jà wa nínú jù ni pé ìjọba ti gba owó orí lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ́fíìsì kan ní kó máa bọ̀, ọ́fíìsì kejì ní kó máa lọ. Ti GUTA lọ́tọ̀: kò sí ibì kankan nínú òfin náà tó fún ẹgbẹ́ ọlọ́jà lágbára láti fi ṣẹ́ẹ̀nì ti ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ìjọba ni.

Kí ló dé tí Gánà fi ṣe irú òfin yìí?

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Àwọn àgbà Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì á sọ fún yín. Kí ọdún 1969 tó dé, Yorùbá ló kún ọ̀pọ̀ ọjà ní Gánà, láti Accra títí dé Tamale lápá àríwá, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta wósìwósì, àwọn míì ti bí ọmọ, ti bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Ní 18 oṣù kọkànlá 1969 ìjọba Kofi Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tó ń wá ìwé pọ̀ jù, àkókò kéré jù, ẹlòmíì ta ọjà ọ̀kẹ́ àìmọye ní ẹ̀dínwó, ẹlòmíì fi sílẹ̀ pátápátá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1970, wọ́n wá ṣe òfin tó fi àwọn òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Abala 27 òde òní, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ wà.

Ní 1994 wọ́n ṣe òfin GIPC àkọ́kọ́, Act 478. Nígbà yẹn $10,000 ni ti ẹni tó ní páátínà ọmọ Gánà, $50,000 ni ti àjèjì nìkan, $300,000 ni ti òwò pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 10. Nígbà tó di 2013 ni wọ́n gbé e dé ibi tó wà yìí. Ẹ wò ó, ti páátínà lọ sókè ní ìlọ́po 20, ti àjèjì nìkan ní ìlọ́po 10, ti òwò tó ti ga tẹ́lẹ̀ kàn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ díẹ̀.

Ohun tí GUTA ń sọ rèé: wọ́n ní àwọn àjèjì, ọmọ Nàìjíríà àti àwọn Chinese pàápàá, ń kó ọjà wọlé ní tààràtà, wọ́n ń tà á ní hóósélì, wọ́n tún ń tà á ní rítéèlì, kò wá sí ibi tí ọmọ Gánà máa dúró sí mọ́. Wọ́n ní àjèjì ń san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, lánlọ́ọ̀dù á bá lé ọmọ ìlú jáde. Wọ́n sì ní òfin ti wà nílẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí Nàìjíríà wá ti bọ́dà ilẹ̀ rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí ọkọ̀ ẹrù àwọn ọmọ Gánà há sí Sèmè, tí wọn ò ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, ṣe ni wọ́n ní ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọjà yín.

Àwọn ọlọ́jà Nàìjíríà níbẹ̀, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń jẹ́ NUTAG, ní èsì tiwọn. Wọ́n ní ta ló ní mílíọ̀nù kan dọ́là nínú ọjà, ṣé àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa fúnra wọn ní in ni? Wọ́n ní àwọn ń gba ọmọ Gánà síṣẹ́, àwọn ń san owó orí, àwọn ń san owó ilé. Wọ́n ní lótìítọ́ gbogbo àjèjì ni òfin dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni àjèjì tó pọ̀ jù nínú ọjà bí kì í bá ṣe ọmọ Nàìjíríà. Àwọn míì nínú wọn, Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Èyí tó sì ń rú àwọn yẹn lójú ni pé bíbí tí wọ́n bí èèyàn sórí ilẹ̀ Gánà nìkan kì í sọ ọ́ di ọmọ Gánà, òfin wọn ń wo òbí tàbí òbí àgbà, bóyá ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìlú. Yorùbá tó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú, tàbí tí ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, Act 865 ò bá a wí, orúkọ yòówù kó máa jẹ́.

ECOWAS ńkọ́, ṣebí wọ́n ní ká máa lọ ká máa bọ̀?

Ibí ni àríyànjiyàn ti le jù, torí olúkúlùkù ló ń ka ibi tó wù ú.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS lórí lílọ-bíbọ̀ èèyàn ní 29 oṣù karùn-ún 1979 ní Dakar. Ìpele mẹ́ta ló ní. Èkíní, kéèyàn wọlé láìsí físà fún 90 ọjọ́. Èkejì, kéèyàn gbé ìlú, kó sì ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi kún un ní 1986. Ẹ̀kẹta, kéèyàn dá iṣẹ́ tàbí kọ́ńpìnì tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ ìyẹn ní 1990. Ẹni tó bá ń sọ pé "ECOWAS ti ní kí n máa tajà", 90 ọjọ́ ti ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀, ti ìpele kẹta ló sì kan ṣọ́ọ̀bù.

Àdéhùn 1990 yẹn sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú sí ọmọ ECOWAS tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nàìjíríà dúró lórí èyí, wọ́n ní $1,000,000 tí Gánà ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS bó ṣe ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ China tàbí ọmọ Íńdíà lòdì sí ohun tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà tún ní tí orílẹ̀-èdè kan ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ kan pàtó, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ́fíìsì ECOWAS, nígbà náà àwọn orílẹ̀-èdè yòókù náà ò sí lábẹ́ dandan láti ṣe dáadáa sí àwọn èèyàn rẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn. Ìyẹn ni pé wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé irú èyí á ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un.

Ẹjọ́ Gánà ni pé àdéhùn ò pa òfin ilé rẹ́. Wọ́n ní ibi tí wọ́n dúró sí lábẹ́ òfin lóòótọ́, torí ní Gánà, bó ṣe rí ní Nàìjíríà lábẹ́ abala 12 ìwé òfin 1999 tiwa, àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè kì í kàn ṣàdédé di òfin tí adájọ́ ilé á máa tẹ̀ lé, àyàfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Lóyà tó bá fẹ́ gbé e lọ kóòtù ECOWAS lè gbé e lọ, àmọ́ ọlọ́jà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì láti oṣù kẹta kò ní àkókò ìyẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn fi ń dàrú. Ètò ECOWAS tó ní kí ọjà máa kọjá láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ọjà tí wọ́n ṣe níbí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló wà fún. Fóònù àti sípéà páàtì tó ti Guangzhou wá ò sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ọjà yẹn gan-an ni ìjà ń lọ lé lórí ní Circle àti Suame.

Ṣé Nàìjíríà ò ṣe irú ẹ̀ rí?

Ó ṣe é o, ó tiẹ̀ le ju èyí lọ. Ní 1972 ìjọba Gowon ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Indigenisation Decree, wọ́n to iṣẹ́ 22 sílẹ̀ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ló ni ín, búrẹ́dì ṣíṣe, lọ́ńdìrì, irun ṣíṣe, táásì, rítéèlì (yàtọ̀ sí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá), ìwé ìròyìn, lọ́tìrì. Ẹ fi wé abala 27 Gánà, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra bí ìbejì. Iṣẹ́ 33 míì wà tí ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 40% nínú ẹ̀. Ní 1977, lábẹ́ Ọbásanjọ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n pín gbogbo iléeṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, 100%, 60% àti 40%. 1995 ni wọ́n tó fagi lé e, tí wọ́n fi òfin NIPC (àjọ tiwa tó dà bíi GIPC) rọ́pò rẹ̀, tí àjèjì fi lè ní kọ́ńpìnì ní 100% nílẹ̀ wa, yàtọ̀ sí àwọn nǹkan bí ohun ìjà ogun àti oògùn olóró. Àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ṣì ní òfin tiwọn wà, bíi ti ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣiṣẹ́ ní etíkun wa (òfin 2003) àti ti epo rọ̀bì (2010).

Kọ́ńpìnì tó bá ní àjèjì nínú ní Nàìjíríà lónìí, CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ níbí, á ní kí kápítà ẹ̀, ìyẹn owó ìdáwọ́lé rẹ̀, má dín ní mílíọ̀nù 100 náírà. Nítorí náà a kò lè sọ pé àwa ò béèrè nǹkan kan, iye ló yàtọ̀, àti pé a ò fi ọjà rítéèlì sílẹ̀ fún ọmọ ilé nìkan mọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ rántí gbogbo ẹ̀ pátá, ní oṣù kìíní 1983 ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Gánà, wọ́n fi orúkọ ìyẹn sórí báàgì tí a ṣì ń rà lọ́jà dòní.

Kí ni wọ́n ń pè ní "fronting"?

Òun ni kí àjèjì ní ọjà, ní owó, ní gbogbo nǹkan, kó wá lọ bá ọmọ onílẹ̀ kan pé jọ̀ọ́ bá mi forúkọ sílẹ̀, mo máa fún ẹ ní nǹkan lóṣooṣù. Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dáadáa láyé 1972, torí nígbà yẹn àwọn Òyìnbó àti àwọn ará Lẹ́bánónì ló ń wá ọmọ Nàìjíríà tó máa fi orúkọ sílẹ̀ fún wọn. Ní Gánà ó ti yí padà, àwa la wá ń wá orúkọ báyìí.

Ohun tó burú níbẹ̀ ò ju pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú pépà ló ni kọ́ńpìnì. Tí ìjà bá dé, kò sí kóòtù tí èèyàn máa lọ sọ fún pé èmi ni mo ni ín, mo kàn parọ́ fún ìjọba ni. Tí onítọ̀hún bá kú, ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ á wá kó ogún wọn. Láti ìgbà tí Gánà sì ti ṣe òfin kọ́ńpìnì tuntun ní 2019, Act 992, ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ta ló ni kọ́ńpìnì yìí ní ti gidi, ta ló ń jẹ èrè ẹ̀. Irọ́ pípa nínú fọ́ọ̀mù yẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin fún ẹni tó ni owó àti ẹni tó yá a lórúkọ.

Ṣé Gánà nìkan ló ń ṣe báyìí?

Rárá o. Àwọn tó ń lọ Dubai mọ̀ pé láyé àtijọ́, tí o bá fẹ́ dá kọ́ńpìnì sílẹ̀ nínú ìlú gan-an, tí kì í ṣe fìrísóònù (àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òwò àjèjì), ọmọ ilẹ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ ní 51%. Ní 2020 ni wọ́n yí òfin yẹn padà, láti 1 oṣù kẹfà 2021 àjèjì ti lè ní 100% nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Tanzania ní tiẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì, ní oṣù keje 2025 wọ́n kéde iṣẹ́ 15 tí àjèjì ò gbọ́dọ̀ ṣe mọ́, títún fóònù ṣe wà níbẹ̀, irun ṣíṣe wà níbẹ̀, owó fífi ránṣẹ́ lórí fóònù náà wà níbẹ̀, owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sì wà fún ẹni tó bá rú u. Kenya tó múlé tì wọ́n kò dákẹ́ lórí ìyẹn.

Tí wọ́n bá wá yọ mílíọ̀nù kan dọ́là yẹn kúrò ńkọ́?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ohun tí ìjọba Mahama ń sọ nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀ ni pé owó yẹn ń lé àwọn tó fẹ́ wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbòmíì, àti pé ọmọ kékeré tó ní ọgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì àmọ́ tí kò ní $500,000 ò lè wọlé. Owó inú abala 28 ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Tó bá lọ, ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwíà ní Yaba tó fẹ́ ṣí ọ́fíìsì sí Accra jèrè gan-an, oníṣẹ́ kọ̀ńsọ́tìǹgì jèrè, ẹni tó fẹ́ ṣí hòtẹ́ẹ̀lì kékeré jèrè. Ṣùgbọ́n yíyọ owó abala 28 kúrò kò fọwọ́ kan abala 27. Ẹni tó ń ta sípéà nínú ọjà Suame, ibi tó wà kí wọ́n tó yọ owó náà ló ṣì máa wà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí ojú GUTA fi wà lára abala 27 ju ti owó lọ, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí rítéèlì má kúrò lọ́wọ́ ọmọ Gánà. Nàìjíríà náà ní ohun tó ń béèrè láti 2020, pé kí wọ́n yọ ọmọ ECOWAS sọ́tọ̀ kúrò lára àjèjì tó kù. Nígbà tí Gbàjàbíàmílà lọ sí Accra, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òfin kan tí ilé aṣòfin méjèèjì á jọ ṣe, tó máa dá ìgbìmọ̀ òwò Gánà àti Nàìjíríà sílẹ̀ kó máa parí irú ìjà báyìí.

Ìkéde mínísítà tàbí ti ààrẹ kì í ṣe òfin, ilé aṣòfin ló gbọ́dọ̀ yí Act 865 padà, kí ààrẹ tó buwọ́ lù ú. Tí òfin tuntun kankan bá wá dé ọwọ́ yín, ẹ má wulẹ̀ wá ibi tí wọ́n kọ dọ́là sí lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọjà, ìsọ̀ àti kíkiri sí, kí ẹ wò ó bóyá "ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú" ṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀, àbí wọ́n ti fi "yàtọ̀ sí ọmọ ECOWAS" kún un.